Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nnà Ètò Ẹ̀kọ́ Nílẹ̀ Yorùbá: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Mọ Ibi Tí Òmìnira Rẹ̀ Ti Ń Wá

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà tí ẹ ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú àbójútó àwọn ọmọ wa. Òbí ni mí, mo sì máa ń jókòó ti ọmọ nídìí iṣẹ́ àmúrelé ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àwọn ọmọ wa ní ọ̀rọ̀ ìjọba nílé ẹ̀kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fi gbé kálàmù. Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: kí a máa kọ́ ọmọ láti inú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i láti àárọ̀ di alẹ́, kí ó lè mọ̀ pé bí a ṣe to ìjọba ìlú ló ń pinnu ibi tí òun lè rìn dé, ohun tí òun lè sọ, ìwé ìròyìn tí òun lè kà, àti ẹni tí òun lè ké sí bí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ òun du òun. Ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo kọ ọ́ sí nítorí pé ọwọ́ yín ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wà ní ìpínlẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ará wa ní Kwara àti Kogi bákan náà.

Ẹ ṣí ìwé Sífíìkì ọmọ tó wà ní Básíkì 5 wò. Èyí tó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí béèrè ohun tí ìjọba tiwa-n-tiwa jẹ́, ìdáhùn sì wà lábẹ́ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìlà kan gbáko, bí olùkọ́ ṣe kọ ọ́ sójú pátákó. Bírò pupa ti fàmì sí i pé ó tọ̀nà. Ẹ̀ka ìjọba mẹ́ta tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìwà ọmọ ìlú rere, tí wọ́n to ní ení, èjì, ẹ̀ta. Gbogbo rẹ̀ ni ọmọ náà gbà. Mo wá bi í pé, bí ọlọ́pàá bá mú ẹnìkan láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ wo ni òfin ní kí wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́? Kò mọ̀. Mo bi í pé ta ló ní kí òun máa lọ sílé ẹ̀kọ́ láìsan owó? Ó dá mi lóhùn wéré pé gómìnà ni.

Ìdáhùn yẹn ló gbà mí lóorun. Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ṣe ní 2004 ló sọ ẹ̀kọ́ kíláàsì mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ tó bá gbà pé oore gómìnà ni yóò gbà pẹ̀lú pé gómìnà lè gba oore rẹ̀ padà nígbàkígbà tó bá wù ú, kò sì ní sí ohun tí yóò sún un láti béèrè. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè mọ ẹ̀ka ìjọba mẹ́ta lórí bí orin, síbẹ̀ kí ó dàgbà di ẹni tí ń dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ fún ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀: kí ọmọ mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀tọ́ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ àánú, kí ó sì mọ irú ìjọba tó lè sọ ẹ̀tọ́ di àánú mọ́ni lọ́wọ́.

Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo wa mọ̀, tí n kò sì tíì rí i nínú ìwé Sífíìkì kankan. Sanitéṣọ̀n ni. Títí di 2016, lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rìn ní títì Èkó. Dánfó á dúró sí gáréèjì, ọjà á wà ní títì pa, ẹni tí ìrìn àjò bá ká mọ́ ojú ọ̀nà á wá ibi fara pamọ́ sí, torí pé bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá rí i, ọkọ̀ wọn ló ń gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ alágbèéká, ibẹ̀ ni yóò ti sanwó ìtanràn. Àwa tí a dàgbà sínú rẹ̀ kò bi ara wa ní ìbéèrè kankan. A gbálẹ̀, a kó gọ́tà, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí aago mẹ́wàá fi lù.

Ibo ni àṣẹ náà ti wá? Àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, Ọ̀gágun Muhammadu Buhari di olórí ìjọba, Tunde Idiagbon sì ni igbá-kejì rẹ̀. Nínú oṣù kẹta 1984 ni wọ́n gbé ogun ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WAI. Wọ́n ní kí a máa tò sórí ìlà níbi tí a ti ń wọkọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú gbogbo ènìyàn, ìmọ́tótó àyíká sì wà lára rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń yin àkókò náà pé ìlú mọ́, pé ènìyàn ń tẹ̀lé òfin. N kò ní bá wọn jiyàn lórí pé ìlú mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó bá ìmọ́tótó yẹn rìn. Ìjọba kan náà ló pa apá kan tì nínú òfin ìpìlẹ̀. Òun ló ṣe Dìkírì 2, òfin tí ológun fúnra wọn gbé kalẹ̀, tó fún igbá-kejì olórí ìjọba láṣẹ láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sílé-ẹjọ́. Òun ló ṣe Dìkírì 4, tó fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ akọ̀ròyìn tó bá kọ ohun tí wọ́n kà sí àbùkù fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Abẹ́ rẹ̀ ni Tunde Thompson àti Nduka Irabor, àwọn akọ̀ròyìn The Guardian, ti gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan nítorí ìròyìn nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú rẹ̀ lókè òkun. Dìkírì 13 ló wá dí gbogbo ihò: ó ní ilé-ẹjọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ yẹ àṣẹ ìjọba ológun wò bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́.

Ológun lọ ní 1999, sanitéṣọ̀n kò bá wọn lọ. Ìjọba tí a fi ìbò yàn ń fi àṣẹ kan náà sé wa mọ́lé fún ọdún mẹ́tàdínlógún sí i. Ní 2013, wọ́n mú obìnrin kan ní Èkó lọ́jọ́ sanitéṣọ̀n nítorí pé ó wà lójú títì, ilé-ẹjọ́ alágbèéká sì ní kí ó san ₦10,000. Obìnrin náà kò gbà. Ó lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga, ó pàdánù níbẹ̀. Ó tún gba ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ. Agbẹjọ́rò Ebun-Olu Adegboruwa pẹ̀lú pe ẹjọ́ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ sì dá a láre nínú oṣù kẹta 2015. Nígbà tó di 2016, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá obìnrin yẹn náà láre. Ohun tó wà nídìí ìdájọ́ náà kò le débi tí kò fi ní yé ọmọ Básíkì 5. Abala 41 nínú òfin ìpìlẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti rìn fàlàlà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Abala 36 ní a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀, tí ìyà rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Gómìnà kàn sọ ọ́ lẹ́nu ni pé kí a má rìn. Kò sí ibi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti sọ ọ́ di òfin. Kí ọdún 2016 tó parí, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòpin sí ìséni-mọ́lé ọjọ́ Sátidé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo bí ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ti pọ̀ tó fún ọmọ. Ẹni tí wọ́n bá mú lójú títì ní 1985 kò ní ibì kankan tó lè kó ẹjọ́ rẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó pàṣẹ ni ẹni tó ní kí adájọ́ má dá sí i. Nígbà tí yóò fi di 2016, aṣòfin wà lọ́tọ̀, gómìnà wà lọ́tọ̀, adájọ́ wà lọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí obìnrin kan ṣoṣo fi lè bá ìjọba ìpínlẹ̀ tó lówó jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí ṣẹjọ́, kí ó sì borí. Bí olùkọ́ bá fi èyí ṣàlàyé ẹ̀ka ìjọba mẹ́ta, ọmọ kò ní nílò láti há a sórí. Kí olùkọ́ má sì fi apá kejì pa mọ́: ọdún mẹ́ta ni ẹjọ́ yẹn gbà, ó gba owó, ó gba sùúrù, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n mú ṣáájú rẹ̀ ló kàn sanwó tí wọ́n bá tiwọn lọ. Kí ó tún sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó ní kí a má gbálẹ̀. Gọ́tà tó dí ń pa ọmọdé, ó sì yẹ kí gbogbo ilé máa kó tiwọn. Ohun tí ilé-ẹjọ́ dá sí ni ọ̀nà tí ìjọba gbà ń fi ipá mú ni.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwà wa ló burú, pé kò sí irú ìjọba tó lè tún ọmọ adúláwọ̀ ṣe. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ rí, ní ojú ọmọ. Ìlú méjì ni mo fẹ́ kí ẹ fi hàn wọ́n lórí máàpù nígbà tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀: Ìmẹ̀kọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Lábẹ́ Alákétu ni Ìmẹ̀kọ wà láyé àtijọ́. Èdè kan ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń bára wọn ná ọjà. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ló la ààlà sáàárín wọn, láìbi ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní 1981, ẹgbẹ́ òṣèlú márùn-ún tó du ipò ní 1979 ni ará Ìmẹ̀kọ lè yan nínú wọn, ó sì lè bú ìjọba nínú ìwé ìròyìn kí ó sùn sílé rẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ ní Kétu ń gbé lábẹ́ ìjọba Mathieu Kérékou, níbi tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ti wà, tí kò sì sí ẹlòmíràn tí ènìyàn lè dìbò fún.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣí ìwé ìtàn sí ọdún 1994. Ní Kétu, ayé ti yí padà: àpérò gbogbogbòò orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní Kùtọnu nínú oṣù kejì 1990 ti fòpin sí ìjọba ẹgbẹ́ kan, wọ́n ti dìbò ní 1991, Nicéphore Soglo sì ti borí Kérékou tó wà lórí oyè. Ní Ìmẹ̀kọ, ológun ti padà. Wọ́n ti fagi lé ìbò June 12, 1993 tí M.K.O. Abíọ́lá rọ́wọ́ mú nínú rẹ̀, wọ́n ti ìwé ìròyìn Concord, Punch àti The Guardian pa, wọ́n sì ti kó Abíọ́lá fúnra rẹ̀ sí àtìmọ́lé. Nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni Wọlé Ṣóyínká gun alùpùpù gba inú igbó kọjá ààlà, ó sá wọ Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń ṣàn nínú ará Ìmẹ̀kọ àti ará Kétu. Láàárín ọdún mẹ́tàlá péré, ẹni tó lómìnira di ẹni tí wọ́n ń dẹ, ẹni tí wọ́n fi ẹgbẹ́ kan sé mọ́ sì di ẹni tí ń yan olórí rẹ̀. Ọmọ tó bá rí èyí kò ní gbà pé àdámọ́ wa ni ìyà.

N kò fẹ́ kí a wá sọ fún àwọn ọmọ pé òyìnbó ló kọ́ wa ní òmìnira. Ìtàn Ẹ̀gbá yóò tú irọ́ yẹn fó. Láyé àtijọ́, agbára kò sí lọ́wọ́ ọba nìkan ní ìlú Ẹ̀gbá. Ògbóni ní tiwọn, Ológun ní tiwọn, Pàràkòyí tó ń ṣètò ọjà ní tiwọn. Ìjọba amúnisìn ló kó agbára jọ sábẹ́ Aláké nìkan, òun náà sì wà lábẹ́ àjẹ́lẹ̀ òyìnbó. Ohun tó ti ibẹ̀ wá dé inú agbọ̀n ìyá ọlọ́jà. Wọ́n ń gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu iye tí wọn yóò san; wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò nígbà ogun àgbáyé kejì. Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, ti ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà kí ọ̀rọ̀ tó dé orí ìwọ́de. Ní ìparí 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin kóra jọ síwájú ààfin Aláké, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n ń kọrin. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá ti kúrò ní ìlú, owó-orí obìnrin ti dáwọ́ dúró, àwọn obìnrin sì wọ inú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Ẹ̀gbá. Kí ọmọbìnrin tó wà ní Básíkì 5 ní Abẹ́òkúta gbọ́ èyí nínú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé ọ̀nà tí òun ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ni wọ́n dúró sí.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn olùkọ́. Ẹ̀rù àkọ́kọ́ ni pé ọmọ tó bá mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò di aláfojúdi. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ tó bá béèrè ìdí òfin pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí àgbà sì ṣàlàyé fún un, ni yóò pa òfin náà mọ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ẹ̀rù kejì wúwo ju ìyẹn lọ, mo sì gbà fún wọn. Olùkọ́ ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ̀rọ̀ ìjọba, ẹnìkan yóò ní òun ń bá ẹgbẹ́ alátakò ṣiṣẹ́, wọn yóò sì gbé òun lọ sí ìgbèríko tó jìnnà. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè mú ẹ̀rù yẹn kúrò. Ẹ kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pé olùkọ́ tó bá fi òfin ìpìlẹ̀ àti ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ kọ́ ọmọ kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹgbẹ́ yòówù kó wà lórí àlééfà.

Ó sì yẹ kí ẹ̀kọ́ náà dé àkókò tiwa, nítorí ìbò nìkan kò tó láti dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ìjọba tí a dìbò yàn ló ti Twitter (tó ń jẹ́ X báyìí) pa ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà 2021 di January 13, 2022. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tà, tó ń rà, tó ń wáṣẹ́ níbẹ̀ rí i pé ìkéde kan ṣoṣo ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́jọ́ nínú oṣù keje 2022 pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá mọ Twitter ju bó ṣe mọ Dìkírì 4 lọ. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ fi èyí tó mọ̀ mú un dé ibi èyí tí kò mọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò gba owó púpọ̀. Orí kẹrin òfin ìpìlẹ̀ 1999 ni ẹ̀tọ́ wa wà, láti abala 33 lọ. Kí ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ èdè àti agbẹjọ́rò jókòó, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ńlá, kí ó wà lára ògiri kíláàsì gbogbo. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Yorùbá kò lè gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀: láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tó fi hàn pé ọmọ tó kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn sí ẹnikẹ́ni. Kí ìdánwò Sífíìkì yé béèrè ìtumọ̀ nìkan, kí ó máa béèrè ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀: wọ́n ní kí ọjà má ṣí lọ́la, ta ló pàṣẹ, inú òfin wo ló wà, ta ni ìyá ọlọ́jà lè lọ bá? Kí àwọn ọmọ máa dìbò yan olórí kíláàsì wọn, kí òfin kíláàsì wà ní kíkọ sílẹ̀, kí ọmọ tí wọ́n fẹ́ jẹ níyà sì ní àyè láti sọ tẹnu rẹ̀ kí pàṣán tó sọ̀kalẹ̀. N kò mọ ẹ̀kọ́ nípa ìgbẹ́jọ́ òdodo tó lè wọ ọmọ lára ju ìyẹn lọ. Bí ọ̀nà bá sì wà, kí wọ́n kó wọn lọ sí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n fetí gbọ́ bí ẹjọ́ ṣe ń lọ.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti mọ ìdáhùn ìbéèrè ọlọ́pàá báyìí, torí a jọ wá a nínú abala 35: ọjọ́ kan, bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà, ọjọ́ méjì tàbí iye tí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé ó yẹ, bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí ènìyàn lè ṣe bí ọjọ́ náà bá kọjá tí wọn kò sì gbé e lọ. Mo fẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ ní àyè láti dá a lóhùn ní kíláàsì, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó parí. Èsì yín ni mo ń retí.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Òbí kan ní Ìbàdàn